Ẹlẹ́rìí Tó Ń Sọ Àsọdùn: Ọjọ́ Tí Ẹ́ńjìnnì Gbóná Mọ́ Wa Lọ́wọ́ Lójú Òkun Sharjah

Ó ti pẹ́ tí akọ̀wé wa ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n kọ nǹkan nípa àdúgbò tí mò ń gbé. Ó ní kí n má ṣáà kọ nípa owó àti ìṣirò, nítorí pé àwọn ọmọdé á sá. Mo ti gbọ́. Àdúgbò mi ni màá sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lójú òkun, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò á yọjú díẹ̀ o. Iṣẹ́ téèyàn ti ṣe fún ọgbọ̀n ọdún kì í fini sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Al Qasimia ni orúkọ àdúgbò wa, láàárín ìlú Sharjah. Bí kò bá sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, Dubai ò jìnnà sí wa rárá. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni kì í sí? Orúkọ ìdílé Al Qasimi tó ń jọba ní Sharjah ló wà nínú orúkọ àdúgbò yìí. Láti ọdún 1972 ni Sheikh Sultan bin Muhammad Al Qasimi ti wà lórí oyè. Atukọ̀ ni àwọn baba ńlá wọn, ojú agbami ni wọ́n ti kọ́kọ́ lókìkí.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ òfuurufú, ẹ gbọ́ eléyìí. Títì King Abdul Aziz tó gba àdúgbò wa kọjá, orí ẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú ti máa ń sáré nígbà kan. Ní ọdún 1932 ni wọ́n kọ́ pápákọ̀ òfuurufú síbẹ̀ fún iléeṣẹ́ Imperial Airways, kí ọkọ̀ tó ń ti Ìlú Ọba lọ sí Íńdíà lè rí ibi balẹ̀, kó gba epo, kí àwọn èrò sì sùn. Wọ́n lò ó títí di ọdún 1977. Lónìí, ilé àtijọ́ náà ti di mùsíọ́mù Al Mahatta, wọ́n sì kó àwọn ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ síbẹ̀ fún wíwò. Ibi tí báálù ti ń balẹ̀ láyé ijọ́un, ibẹ̀ làwọn ìyàwó wa ti ń ra tòmátò báyìí. Ilé alájà pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń kán omi sórí èèyàn, ilé oníṣáyì kéékèèké kún ojú títì, àwọn ará Kerala, àwọn ará Pakistan, àwọn ará Íjíbítì àtàwa aláwọ̀ dúdú sì ń kí ara wa ní èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ tán.

Ẹ ó ní, kí ló kan ọkọ̀ ojú omi nínú gbogbo èyí? Ẹ rántí ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Òjò tó rọ̀ ní ilẹ̀ Emirates lọ́jọ́ yẹn, irú ẹ̀ ò tíì sí nínú àkọsílẹ̀ wọn láti ọdún 1949. Láwọn àdúgbò kan ní Sharjah, ojú títì di odò, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ni wọ́n fi ń kó èèyàn jáde nílé. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ àti àbúrò mi, ti ń sọ pé ọkùnrin tí kò ní ọkọ̀ ojú omi kò tíì múra sílẹ̀ fún ayé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó ra ẹ́ńjìnnì àlòkù ní Industrial Area, kó kó o sínú kọ̀ǹténà, kó fi ránṣẹ́ sí Èkó. Nígbà tó yá, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ará Kerala dáwó ra ọkọ̀ ìpẹja kékeré kan, àlòkù, oní-dísù. Láti Al Qasimia, kò pẹ́ rárá béèyàn bá wa mọ́tò dé ibi tí wọ́n so ó mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, ó pè wá fún ìgbafẹ́. Ọmọ mi méjì, àwọn ìbejì tirẹ̀, àwa bàbá méjì. Àwọn ìyá ní àwọn ò lọ, pé oorun ni àwọn fẹ́ fi Sátidé sùn. Aago mẹ́fà àárọ̀ la débẹ̀. Gbogbo wa wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Bàbá Ìbejì yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ kí iná lè dé ara àwọn géèjì, kò tíì tan ẹ́ńjìnnì. Mo wo géèjì ooru. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró lórí 60.

Mo ronú sí i. Ẹ́ńjìnnì tí wọn ò tàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, báwo ló ṣe máa wà lórí dígírì 60 láàárọ̀ kùtù? Ooru Sharjah pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Nídìí iṣẹ́ mi, bí iye tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìwé bá ti yàtọ̀, a kì í ṣí ojú ewé kejì. Síbẹ̀, mo dákẹ́. Mo sọ fún ara mi pé àlejò ni mí nínú ọkọ̀, pé oníṣirò ni mí, kì í ṣe mẹkáníìkì. Ìyẹn ni àṣìṣe àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sì ṣe é.

A gbéra. Kí n má parọ́, ó dùn! Mọ́ṣáláṣí Al Noor, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2005, ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà Khalid. Àwọn ọkọ̀ onígi ńláńlá tó ń ná Ìran tò sí etí omi, wọ́n di ẹrù gègèrè bíi mọ́tò tó ń bọ̀ láti ọjà òkè. A jáde sójú òkun, atẹ́gùn fẹ́ sí wa lára, àwọn ìbejì ń kọrin. Bàbá Ìbejì wá tẹ iná, ọkọ̀ ń sáré.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí mo tún wo géèjì náà. Ó ti kọjá 100, ó sì ń lọ sókè.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ wo géèjì yín o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá a lóhùn. Onírọ́ ni. Bó ṣe ṣe lóṣù tó kọjá nìyẹn, tí mẹkáníìkì tú gbogbo ẹ́ńjìnnì tí kò rí nǹkan kan." Ló bá ṣí fìlà orí rẹ̀, ó fi bo géèjì náà mọ́lẹ̀, ó ní kójú òun lè sinmi.

Mo tún fẹ́ dákẹ́ o. Ìtìjú ni. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó jókòó lẹ́yìn ọkọ̀, ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Dádì, omi tó ń tú jáde níbí ò pọ̀ bíi ti ìgbà tá a kúrò nílé. Èéfín funfun ló ń jáde báyìí."

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí fi ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí irú ẹ́ńjìnnì yìí ṣe ń tutù. Omi méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èkíní ni omi inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, tí a pò mọ́ kúláǹtì, tó ń yí po nínú irin. Èkejì ni omi òkun. Ẹ́ńjìnnì ń fà á láti abẹ́ ọkọ̀, omi náà á gba inú asẹ́ kan kọjá kí pàǹtírí má bàa wọlé, pọ́ǹpù tó ní abẹ̀bẹ̀ rọ́bà nínú á tì í síwájú, á wá gba ẹ̀gbẹ́ omi àkọ́kọ́ kọjá nínú àwọn páìpù tín-ín-rín, á gba ooru lára rẹ̀, láì jẹ́ pé omi méjèèjì dà pọ̀. Lẹ́yìn náà ni òun àti èéfín á jọ tú jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Nítorí náà, omi tó ń tú jáde lẹ́yìn yẹn ni ìròyìn tó dájú jù. Bó bá dínkù, tí oruku funfun sì ń jáde, ẹ́ńjìnnì ò rí omi mu tó nìyẹn.

Ojú Bàbá Ìbejì yí padà. Ó dín iná kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì, a sì ju ìdákọ̀ró sómi kí ìgbì má bàa gbé wa lọ. Gbogbo ariwo dákẹ́. Àwọn ìbejì ò kọrin mọ́. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ta, mo ka ìgò omi tó kù: mẹ́sàn-án. Mo rí etíkun lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì dà bíi pé ó jìnnà ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Mo ní nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun nínú fóònù mi, 996. Mo mú un jáde, mo gbé e sórí itan. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà láti aago mẹ́fà àárọ̀, mo sì ń wò ó bó ṣe ń wọ́.

Bàbá Ìbejì pe mẹkáníìkì rẹ̀ lórí fóònù, bàbá kan tó jẹ́ ará Kerala, tí gbogbo wa ń pè ní Bhai. Ọ̀rọ̀ tí Bhai kọ́kọ́ sọ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí omi ẹ́ńjìnnì. Omi gbígbóná tí wọ́n há mọ́, tó bá rí ojú ọ̀nà, á fò jáde bí ọta, á bó èèyàn lójú. Ó ní kí a dúró kó tutù, kí a ti ẹnu páìpù tí omi òkun ń gbà wọlé, kí a wá ṣí asẹ́.

A ṣí i. Ọ̀rá! Ọ̀rá rírọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọjà, ó ká jọ sínú asẹ́ bí ẹ̀bà tó há sọ́nà ọ̀fun, pẹ̀lú ewéko òkun díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀sà Èkó, ẹ mọ̀ pé ọ̀rá piọ́ wọ́tà àti ewéko ojú omi ń ṣe irú nǹkan báyìí fáwọn ọlọ́kọ̀ ibẹ̀. Ènìyàn kan ju ọ̀rá sómi, kò mọ ọmọ ẹni tí yóò há.

A yọ ọ́. A rò pé wàhálà ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti sinmi fún bíi wákàtí kan, tí a yí kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹ́ńjìnnì, abẹ́rẹ́ géèjì ṣì wà lórí 75. Bhai ní, "Ẹ tan àwọn iná ọkọ̀." A tàn wọ́n. Abẹ́rẹ́ fò lọ sí 90 lójú ẹsẹ̀. "Ẹ pa á." Ó padà sí 75.

Mo pariwo, "Háà!" Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi rò ó. Irin wúwo tó ń tutù lọ, tí kò ṣiṣẹ́, ṣé ó lè fi dígírì 15 gbóná láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kó sì tún tutù padà? Kò lè ṣeé ṣe. Iná ló ń da abẹ́rẹ́ láàmú, kì í ṣe ooru. Nítorí náà, òótọ́ ni Bàbá Ìbejì sọ pé onírọ́ ni géèjì náà. Òótọ́ sì ni géèjì náà sọ pé ẹ́ńjìnnì ń gbóná. Àṣìṣe méjì ló wà nínú ọkọ̀ kan, ọ̀kan ń fi aṣọ bo èkejì. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, irú èyí ló burú jù. Àṣìṣe kan, ojú ń rí i. Ṣùgbọ́n bí o bá ti rí ìdí kan tó bọ́ sí i, o kì í wá ìkejì mọ́.

Bhai ní kí a máa bọ̀ wálé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí iná àwọn àtùpà wà ní pípa. A pín iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin ń ṣọ́ omi ẹ̀yìn ọkọ̀. Táíwò ń gbóòórùn bóyá nǹkan ń jó. Kẹ́hìndé àti ọmọ mi ọkùnrin ń wo ojú omi nítorí ọ̀rá mìíràn. Èmi mú bírò, mo fi ẹ̀yìn rìsíìtì ilé epo ṣe ìwé ìṣirò, mo ń kọ ohun tí géèjì wí ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún: 85, 90, 93, 93, 93, 93. Mo ti mọ̀ pé iye tó ń pè kì í ṣe òótọ́. Ohun tí mò ń wá ni bóyá ó ń gòkè. Nígbà tó dúró sójú kan, tí ọmọ mi sì ń sọ pé "Omi ṣì ń bọ̀, Dádì," àyà mi balẹ̀ díẹ̀. Fìlà Bàbá Ìbejì ti padà sórí rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Bhai ń dúró dè wá ní èbúté. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń nà sí nǹkan bí ìbọn, tó ń fi ìtànṣán ka ooru láì fọwọ́ kàn án. Ó nà án sí ara ẹ́ńjìnnì, níbi tí thermostat wà: 78. Géèjì ń sọ pé 93. Ó ṣí ẹ̀yìn pátákó géèjì, ó fi hàn wá: wáyà tó ń dá iná padà sí bátìrì, tí àwọn oníwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, ti dógùn-ún, ó ti di àwọ̀ ewé, nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì ti tú díẹ̀. Iyọ̀ òkun ló ṣe é. Omi òkun ibí yìí ní iyọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ òkun lọ: nǹkan bíi gíráàmù 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ nínú kìlógíráàmù omi kan, nígbà tí ti òkun ńlá jẹ́ bíi 35. Ó fi sáńpépà nù ún, ó dè é le. Abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí 78. Gbogbo iṣẹ́ náà ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ó wá tú pọ́ǹpù omi. Abẹ̀bẹ̀ rọ́bà tó yẹ kó ní ìyẹ́ mẹ́fà, mẹ́rin ló kù. Omi ló ń jẹ́ kí rọ́bà yẹn máa yọ̀. Nígbà tí ọ̀rá dí ọ̀nà, ó ń yí ní gbígbẹ, ó sì já. Bhai kò fi tuntun sí i kó máa lọ o. Ó wá ìyẹ́ méjì tó já náà títí ó fi rí wọn lẹ́nu àwọn páìpù tín-ín-rín níwájú. Ó ní bí òun bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á tún dí omi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sì tún máa bú géèjì. Ó tún sọ fún wa pé nínú oṣù Kẹjọ, omi òkun tí a fi ń tu ẹ́ńjìnnì lára níbí máa ń kọjá dígírì 32. Omi tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ kò lè gba ooru púpọ̀, nítorí náà ìdènà kékeré tí ẹ́ńjìnnì lè fara dà ní ìlú olótùútù, kò ní fara dà á níbí.

Mo bi í pé, "Bhai, géèjì tó ń pariwo lásán àti èyí tó dákẹ́, èwo ló burú jù?" Ó ní èyí tó dákẹ́ ni. Bí omi inú ẹ́ńjìnnì bá jò tán, ojú tó ń wo ooru fún géèjì lè máa bẹ nínú afẹ́fẹ́ lásán. Géèjì á máa sọ pé ara tutù, ẹ́ńjìnnì á sì máa kú lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí tí mo fi délé. Géèjì ọkọ̀ Bàbá Ìbejì fi dígírì 15 bù mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́rìí tó ń sọ àsọdùn yàtọ̀ sí ẹlẹ́rìí èké. Èmi tí mo rí 60 láàárọ̀ tí mo panu mọ́, èmi gan-an ni géèjì tó dákẹ́. Mo pe Bàbá Ìbejì lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ohun tí mo rí fún un, mo sì tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo fi fìlà bò ó ńkọ́?" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jinlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ ojú omi, tàbí tẹ́ ẹ ń fi ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ sílé, ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn. Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ wo ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Bí ẹ bá ti tàn án, ẹ wo omi tó ń jáde. Fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, irú èyí tó pọ̀ ní Mákòkó àti Ẹ̀pẹ́, ẹ wo omi tín-ín-rín tó máa ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí géèjì bá fò nígbà tí ẹ tan iná, ẹ wá wáyà. Bó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń sáré, ẹ wá omi. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ ka géèjì náà sí òótọ́, ẹ dúró. Ẹni tó dúró lásán pàdánù wákàtí kan péré.

Ẹ̀yin ọmọ wa, tiyín ló kù. Ẹ má rò pé ẹ kéré jù láti sọ ohun tí ojú yín rí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fágbà, ẹ fi "ẹ jọ̀ọ́" ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́.

A tún ti lọ sójú òkun lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, àwọn ìyá sì bá wa lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ mi obìnrin ló ń jókòó lẹ́yìn. Bàbá Ìbejì kì í tẹ iná títí ọmọ náà á fi sọ pé, "Omi ń jáde dáadáa, sà."

Ire o. Ó dìgbà kan ná.